Ẹ̀wà Tí Màmá Ọ̀jọ́ Kò Jẹ

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú èèyàn wo ni Màmá Ọ̀jọ́, ìyá tó bí bàbá mi, orí ẹ̀wà ni màá ti bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé n kò mọ nǹkan mìíràn nípa wọn o. Mo mọ̀ wọ́n débi pé bí wọ́n bá wúkọ́ nínú yàrá, mo lè sọ bóyá inú wọn dùn tàbí inú ń bí wọn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti lọ ni ọ̀rọ̀ ẹ̀wà ti jókòó sí mi lọ́kàn, tó kọ̀ tí kò dìde. Mo sọ nǹkan kan nípa wọn nígbà tí wọ́n wà láyé. Mo ní wọ́n purọ́ fún mi. Ọ̀rọ̀ náà kúrò lẹ́nu mi, ó rìn káàkiri gbogbo ẹbí, báyìí n kò sì mọ bóyá òótọ́ ni mo sọ tàbí èmi gan-an ni mo parọ́ mọ́ olóògbé. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo máa ń rò pé mo ti mọ̀. Ilẹ̀ á tún mọ́, gbogbo rẹ̀ á tún dàrú mọ́ mi lójú.

Màmá Ọ̀jọ́ là ń pè wọ́n nítorí pé Ọ̀jọ́ ni wọ́n ń gbé, a sì ní ìyá àgbà kejì ní Abẹ́òkúta, ìyá tó bí ìyá mi. Àwọn ará àdúgbò ń pè wọ́n ní Ìyá Káńsù, torí pé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Mẹ́sẹ́ńjà ni wọ́n. Wọ́n á gbé fáìlì láti yàrá yìí lọ sí yàrá yẹn, wọ́n á sì jẹ́ iṣẹ́ ẹnu fún àwọn ọ̀gá tí kò fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀. Wọn kò kàwé kọjá píràmárì mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rán wọn ní gbólóhùn mẹ́wàá, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá náà ni wọ́n máa jẹ́, bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Bí èébú bá wà nínú rẹ̀, èébú náà á dé ibi tó ń lọ.

Wọ́n fẹ́ràn láti máa sọ ti ọ̀gá kan tó ní kí wọ́n lọ sọ fún ọ̀gá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé kò lọ́pọlọ. Màmá lọ. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní, “Ẹ káàárọ̀ sà. Ọ̀gá wa ní ẹ ò lọ́pọlọ.” Ọ̀gá kejì fò dìde, ó ní ta ló ń bá òun sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Màmá kò dìde lórí ìkúnlẹ̀ wọn, wọn kò sì yí ohùn padà. Ohun tí wọ́n wí ni pé, “Ẹ má bínú sà. Bí wọ́n ṣe rán mi ni mo ṣe jẹ́ ẹ.”

Èmi náà jẹ níbẹ̀. Mo lè tó ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà tí wọ́n rán mi sí télọ̀ tó rán bùbá wọn, pé kí n sọ fún un pé apá kan gùn ju èkejì lọ, iṣẹ́ rẹ̀ kò sì dára. Ojú ń tì mí. Mo dé ọ̀dọ̀ obìnrin náà, mo ní, “Màmá ní ẹ ṣé é.” Mo padà sílé, mo ní mo ti jẹ́ iṣẹ́. Àṣírí tú ní ọjọ́ kejì. Màmá kò nà mí. Wọ́n dì mí lọ́wọ́ mú padà lọ síbẹ̀, wọ́n sì ní kí n sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe fi rán mi, lójú àwọn oníbàárà obìnrin náà. Bí a ti ń bọ̀ wálé, wọ́n ní, “Ẹni tó bá yọ nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán an, olè ni.”

Wàyí o, ẹ̀wà. Ẹ̀wà olóyin ni wọ́n fẹ́ràn jù. Wọ́n á dà á sórí àtẹ, wọ́n á gbé e lé itan lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa ṣà á bí ẹni tó ń wá òrùka tó já bọ́. Bí wọ́n bá ń ṣa ẹ̀wà, wọn kì í sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá kí wọn, ìka kan ni wọ́n máa gbé sókè, ìyẹn ni pé wọ́n ti gbọ́. Òkúta kan ṣoṣo nínú ẹ̀wà lè ba ọjọ́ wọn jẹ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń se ìkòkò ńlá kan fún sàráà, pẹ̀lú epo àti edé àti ẹja gbígbẹ. Àwọn ọmọ kéwú á tò pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Tí wọ́n bá ti bù fún àwọn ọmọ tán, wọ́n á bù fún àwọn ayálégbé, wọ́n á bù fún wa, ohun tó bá kù nísàlẹ̀ ìkòkò ni tiwọn.

Wọn kì í jẹ tiwọn lójú ẹsẹ̀ rárá. Wọ́n á ní èéfín ti yó àwọn. Láyé ìgbà tí kò tíì sí fíríìjì nílé, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ń jẹ ẹ́, torí pé bí ilẹ̀ bá mọ́, á ti kan. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé kí ló dé tó jẹ́ pé àwọn ni wọ́n máa ń jẹun kẹ́yìn, ṣé ebi kì í pa wọ́n ni. Wọ́n wò mí bí ẹni pé mo béèrè pé kí ló dé tí omi fi ń tutù. “Ọwọ́ mi ló wà nínú ìkòkò,” ni wọ́n wí. “Ebi wo ló fẹ́ pa mí?”

Ẹ má rò pé ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni wọ́n o. Wọ́n lè jà. Wọ́n bá ayálégbé kan jà torí pé ó ń fọ mọ́tò rẹ̀ síbi tí wọ́n ń sá ẹ̀gẹ́ sí. Wọ́n bá Àǹtí Ráfátù, ọmọ wọn obìnrin, jà fún odidi oṣù kan lórí pé ó ní “mò ń bọ̀ báyìí” lórí fóònù nígbà tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Èmi náà jẹ tèmi nígbà tí mo gbé fíríìjì wá fún wọn.

Iṣẹ́ fíríìjì ni mo ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Okokomaiko, ilé mi wà ní Ìbà. Ṣé ó wá dára kí màmá oníṣẹ́ fíríìjì má ní fíríìjì? Mo tún ọ̀kan ṣe dáadáa, mo kùn ún, mo gbé e wọlé lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀. Wọ́n ní, “Kí ni mo fẹ́ fi èyí ṣe? Òkú ta ni mo fẹ́ tọ́jú sí i?” A fà á títí. Ìgbà tí mo ní mo máa gbé e fún ìyá àgbà tó wà ní Abẹ́òkúta ni wọ́n dákẹ́. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìyẹn tí wọ́n fi di olólùfẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń kó ọbẹ̀ sí i, wọ́n ń kó ẹja sí i, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn pàápàá ń gbé inú rẹ̀. Ẹ̀wà ìsàlẹ̀ ìkòkò yẹn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọ fíríìjì. Iná á lọ, iná á dé, wọ́n á gbé e síná, wọ́n á jẹ díẹ̀, wọ́n á dá ìyókù padà síbẹ̀. Inú mi dùn púpọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ fún mi pé, “Ọkọ mi, o ti jẹ́ kí Jímọ̀ gùn títí di ọjọ́ Ajé.”

Nígbà òjò ọdún yẹn ni ara yíyún bẹ̀rẹ̀. Ojú wọn á pọ́n, imú wọn á máa ṣomi, nǹkan á sú sí wọn lọ́rùn, orí á máa fọ́ wọn. Lẹ́yìn wákàtí díẹ̀, á lọ bí ẹni pé kò wá rí. Onírúurú ẹnu ló dá sí i. Ẹnìkan ní ọṣẹ ni. Ẹnìkan ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Àǹtí Ráfátù ní ayé ni, ó sì gbé àgbo wá. Èmi ni mo kọ́kọ́ fojú sí ẹ̀wà, nítorí mo ṣàkíyèsí pé lọ́pọ̀ ìgbà tó bá ti yún wọn, wọ́n ti jẹ ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tí wọ́n á jẹ ẹ̀wà tí nǹkan kan kò ní ṣe wọ́n. Mo rò ó, mo rò ó, kò bára mu. Kí n lè mọ̀, mo se mọ́ínmọ́ín fún wọn fúnra mi lọ́jọ́ kan, mo kó ẹja inú agolo àti ẹja gbígbẹ sínú rẹ̀, wọ́n sì jẹ ẹ́ ní gbígbóná. Ètè wọn wú. Mo pàtẹ́wọ́, mo ní ọwọ́ ti tẹ ọ̀daràn. Màmá ń họ ọrùn, wọ́n ń wò mí, wọ́n ní, “Inú ẹ dùn jù fún ẹni tí ara ń yún màmá ẹ̀.”

Mo mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ọ̀nà Ìbà. Dókítà tó wà níbẹ̀, obìnrin ni, kò jù mí lọ. Ó béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wá ní nǹkan kan wà tí wọ́n ń pè ní hísítámínì. Ó ní ó máa ń wà nínú oúnjẹ, ó sì máa ń pọ̀ sí i nínú oúnjẹ tó bá ti pẹ́ nílẹ̀, nínú irú, nínú ẹja gbígbẹ àti ẹja inú agolo. Ara ọ̀pọ̀ èèyàn ń tètè palẹ̀ rẹ̀ mọ́, ó ní ara àwọn mìíràn kì í lè ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá bí ọjọ́ orí bá ti dé. Ó ní òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà, torí kò sí àyẹ̀wò kan pàtó tó máa gbé e jáde gbangba.

“Fún ìgbà díẹ̀ ná,” ni ó wí, “ẹ jẹ́ kí Màmá sinmi ẹ̀wà.”

Bó ṣe sọ ìyẹn tán ni fóònù mi dún. Alápatà kan ní Alaba Rago ni, fírísà rẹ̀ ti kú, ẹran sì kún inú rẹ̀. Mo jáde lọ dá a lóhùn. Nígbà tí mo fi padà wọlé, Màmá ti dìde, dókítà ti ń pe ẹlòmíràn. Mo ti gbọ́ ohun tí mo fẹ́ gbọ́: kí wọ́n má jẹ ẹ̀wà mọ́.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà sí Ọ̀jọ́, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ iṣẹ́. Wọ́n ka ìka wọn kan sílẹ̀. “Dókítà ní kí n fi ẹ̀wà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.” Wọ́n ka èkejì. “Ó ní lẹ́yìn náà, kí n se díẹ̀, kí n má fi ẹja gbígbẹ sí i, kí n jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀ bó ṣe jinná. Kí n má gbé e pamọ́.” Wọ́n ka ẹ̀kẹta. “Ó ní ká wá sọ bó ṣe rí.”

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Màmá, ọ̀fun yín ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀wà ń wù yín lẹ ṣe ń gbé e sí dókítà lẹ́nu.”

Wọ́n yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. “Ìwọ lo mú mi lọ,” ni wọ́n wí. “Ohun tó o bá ní kí n ṣe ni màá ṣe.”

Wọ́n sì ṣe é. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, oṣù méjì kọjá, wọn kò bu ẹ̀wà sẹ́nu lójú mi. Wọ́n ṣì ń se ti ọjọ́ Jímọ̀ fún àwọn ọmọ kéwú, ṣùgbọ́n wọn kì í tọ́ ọ wò. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ni wọ́n máa ń pè pé kó bá àwọn wò ó bí iyọ̀ bá tó. Ara yíyún dín kù díẹ̀, mo sì ń yan fanda pé mo ti ṣe dókítà.

Ọjọ́ Àìkú kan ni mo yà sí ọ̀dọ̀ wọn láti Ìbà. Mo bá wọn lẹ́nu ọ̀nà, ojú wọn pọ́n bí epo, ètè òkè wú, wọ́n ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

“Kí lẹ jẹ?”

“Iṣu.”

“Iṣu kì í yún èèyàn, Màmá.”

“Iṣu ni mo jẹ, ọkọ mi. Iṣu àti ọbẹ̀ ẹja tó wà ní fíríìjì. Ọbẹ̀ Ọjọ́rú yẹn náà.”

“Ẹ̀wà lẹ jẹ.”

Wọ́n ní, “N kò jẹ ẹ̀wà.”

Inú bí mi. Mo mọ ìdí tí inú fi ń bí mi: mo rò pé mo ti rí òkodoro ọ̀rọ̀, wọ́n wá fẹ́ dà á rú mọ́ mi lójú. Mo wọ ilé ìdáná. Mo ṣí ìkòkò, mo yẹ abẹ́ tábìlì wò, mo tú ike ìdalẹ̀nù. Mo rí rọ́bà tí wọ́n ń kó ẹ̀wà tútù sí, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo gbé e jáde sí wọn, mo ní kí lèyí. Wọ́n ní ti àwọn ọmọ kéwú ni. Mo rẹ́rìn-ín ẹ̀sín. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílé wa, a kì í sọ fún àgbà pé ó ń purọ́. Bí àgbà bá sọ pé òjò ń rọ̀ nígbà tí oòrùn ń ràn, a máa ń ní bóyá ó ti rọ̀ níbòmíràn. Èmi dúró sí iwájú ìyá tó bí bàbá mi, àwọn ayálégbé ń gbọ́, mo ní, “Màmá, ẹ ń purọ́ fún mi.”

Wọn kò pariwo. Ẹni tó bá Àǹtí Ráfátù jà fún oṣù kan lórí “mò ń bọ̀,” wọn kò pariwo. Wọ́n pe orúkọ mi, “Wàsíù,” wọn kì í sì í pè mí bẹ́ẹ̀, ọkọ mi ni wọ́n máa ń pè mí láti kékeré. “Wàsíù, mo ti sọ ohun tí mo jẹ fún ẹ.”

Ohun tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ kejì ni mo fi ń mọ̀ wọ́n báyìí ju gbogbo ohun mìíràn lọ. Wọ́n gbé rọ́bà ẹ̀wà náà lérí, wọ́n gbé e fún Ìyá Sènámi, obìnrin Ẹ̀gùn tó ń dín àkàrà ní ìkóríta. Wọ́n fọ rọ́bà náà, wọ́n dojú rẹ̀ dé sórí ògiri ìta, níbi tí gbogbo ẹni tó ń kọjá á ti rí i pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀wà kò wọ ilé wọn mọ́, tútù tàbí sísè. Búrẹ́dì ni wọ́n fi ń ṣe sàráà. Àwọn ọmọ kéwú bi wọ́n, “Màmá, ẹ̀wà ńkọ́?” Wọ́n ní, “Ó rìnrìn àjò.”

Ara ṣì ń yún wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ìyẹn la ojú mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pinnu ohun tó fẹ́ gbà gbọ́, gbogbo nǹkan ló máa ń jẹ́rìí fún un. Mo ní, bí kò bá sí nílé, a jẹ́ pé wọ́n ń rà á níta. Mo sọ ọ́ fún Àǹtí Ráfátù lórí fóònù, mo fi ẹ̀rín sí i: Màmá ti di ẹni tó ń jí ẹ̀wà jẹ o! Àǹtí sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀, àwọn náà sọ síwájú. Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Tèmi kò fọ́ pàápàá, ṣe ló pa ọmọ. Kò sí ibi ìsọmọlórúkọ tí a lọ tí ẹnìkan kò ní ké sí wọn pé, “Màmá, ṣé ká bu ẹ̀wà sí kọ̀rọ̀ fún yín?” Gbogbo ilé á hó. Màmá á rẹ́rìn-ín díẹ̀, wọ́n á ní, “Ẹ máa rẹ́rìn-ín. N kò ní gba ẹ̀rín lẹ́nu yín.”

Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti sọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní ọkọ mi. Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ nínú ara mi. Mo ní, ẹ ò rí i, wọ́n mọ̀ pé àwọn jẹ̀bi.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú wọn lọ, ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lórí àga wọn lẹ́nu ọ̀nà. A sin wọ́n ní ọjọ́ náà. Mo sunkún bí gbogbo ọmọ ọmọ ṣe ń sunkún. N kò tíì mọ ohun tí mo ń sunkún sí.

Ní ọjọ́ karùn-ún, ilé ìwòsàn ọ̀nà Ìbà yẹn pè mí pé fíríìjì tí wọ́n ń kó oògùn sí ti dákẹ́. N kò fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n oògùn àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀. Mo wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́yìn fíríìjì náà nígbà tí dókítà obìnrin yẹn wọlé. Ó dá mi mọ̀. Ó béèrè Màmá, mo sọ fún un. Ó kẹ́dùn dáadáa. Ó wá ní, “Ṣé wọ́n tiẹ̀ padà jẹ ẹ̀wà tuntun yẹn ṣá?”

Mo ní, “Ẹ̀wà tuntun wo?”

“Èyí tí mo ní kí wọ́n jẹ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo ṣàlàyé fún wọn nígbà tẹ́ ẹ jáde. Wọ́n tún un sọ fún mi lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dìde. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ já nǹkan kan sílẹ̀ nínú rẹ̀ kí àwọn tó dé ọ̀dọ̀ yín.”

Mo fi ìṣó tí mo ń tú sílẹ̀. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ iṣu. Mo sọ gbogbo ti ọjọ́ Àìkú yẹn fún un. Ó ní ọbẹ̀ ọjọ́ mélòó ni. Mo ní bíi mẹ́rin, ṣùgbọ́n inú fíríìjì ni. Ó ní iná ńkọ́, mo ní iná ń lọ, ó ń bọ̀. Ó wo fíríìjì, ó wo èmi tí mo wà nílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ojú sì tì mí. Mo wá rántí pé kò sí ẹni tí ara ń yún nílé yẹn kí n tó gbé fíríìjì tèmi wọlé. Mo rántí pé tuntun ni gbogbo wa ń jẹ ẹ̀wà ọjọ́ Jímọ̀, Màmá nìkan ni wọ́n ń jẹ ti àná àti ti ìjẹta, nítorí pé wọn kì í jẹun kí gbogbo ayé tó jẹ.

“Ṣé ọbẹ̀ yẹn ni?”

“Ó lè jẹ́ òun. Ó lè má jẹ́ òun. N kò lè búra.”

“Ṣé wọ́n jẹ ẹ̀wà lọ́jọ́ yẹn àbí wọn ò jẹ ẹ́?”

Ó ní, “Ìyẹn ò sí nínú ohun tí dókítà lè mọ̀.”

Láti ibẹ̀ mo lọ bá Ìyá Sènámi ní ìkóríta. Mo ní kó sọ òótọ́ fún mi, ṣé Màmá máa ń wá ra àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní wọn kò rà á rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó ẹ̀wà wá fún òun. Ó ní ẹ̀ẹ̀kan ni òun fún wọn ní ẹyọ mẹ́ta lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n gbé e sí imú, tí wọ́n gbóòórùn rẹ̀ títí, tí wọ́n sì dá a padà. Wọ́n ní bí àwọn bá fẹnu kàn án pẹ́nrẹ́n, ọ̀rọ̀ Wàsíù ti di òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ìyá Sènámi nìkan kọ́ ló ń ta nǹkan ẹ̀wà ní Ọ̀jọ́. Ẹ ṣáà rí bó ṣe ń ṣe mí. Mo tún ń wá ibòmíràn tí wọ́n ti lè rà á.

Ní ọjọ́ kẹjọ, a ṣe fìdáù. Àlùfáà ṣe wáàsí, a ṣe àdúà, oúnjẹ kárí. Àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í rántí Màmá lọ́kọ̀ọ̀kan. Àǹtí Ráfátù dìde, omijé wà lójú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ẹ̀wà: bí Màmá ṣe ń jí i jẹ, bí wọ́n ṣe ń búra, bí ètè wọn ṣe máa ń tú wọn fó. Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àwọn tó ti ń sunkún láti àárọ̀ rẹ́rìn-ín, bàbá mi tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ mẹ́jọ rẹ́rìn-ín.

Mo dìde. Mo ní, “Màmá ò jẹ ẹ̀wà yẹn.”

Ẹ̀rín tún pọ̀ sí i. Wọ́n rò pé mò ń gbèjà wọn ni. Mo fẹ́ ṣàlàyé hísítámínì, mo fẹ́ ṣàlàyé ọbẹ̀ ọjọ́ mẹ́rin, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí fíríìjì, ó dàrú mọ́ mi lẹ́nu. Àǹtí Ráfátù fọwọ́ kàn mí léjìká, ohùn rẹ̀ tutù.

“Wàsíù, jókòó jàre. Ta ló sọ fún wa? Ṣebí ìwọ náà ni.”

Mo jókòó.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ á bá a. N kò mọ ẹsẹ̀ tí òótọ́ á fi lé tèmi bá. Ó ti wà lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn Màmá, òun ni wọ́n fi ń rántí wọn, àwọn ọmọ wọn á sì gbọ́ ọ. N kò rí ẹlẹ́rìí kankan tó lè dá ẹjọ́ yìí fún mi, ó sì ti rẹ̀ mí láti máa wá a. Mo béèrè lọ́wọ́ ìyá bàbá mi ohun tí wọ́n jẹ. Wọ́n dá mi lóhùn. Ó yẹ kí ìyẹn tó mi.